Ṣòkòtò Télọ̀ Kọ́ Ni Aṣọ Oníbàárà: Èrò Wa Lórí Kíkọ́ Kọ̀ǹpáílà fún Purósẹ́sọ̀ Ẹni

Ọ̀rọ̀ kan ti di àsọtúnsọ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ kóòdù. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í lo kọ̀ǹpáílà tó bá Ubuntu tàbí Fedora wá bẹ́ẹ̀ lásán. Wọ́n ní ńṣe ni ojúlówó olóye máa ń lọ gbé kóòdù GCC wá, á fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ, á sì kọ -march=native sí i kó lè bá purósẹ́sọ̀ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní gbogbo nǹkan á máa sáré bí ẹṣin. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é, ojú ọ̀lẹ ni wọ́n fi ń wò ó.

Èrò tiwa rèé. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́ kọ̀ǹpáílà láti inú kóòdù rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan kó tó jáde níléèwé. Ṣùgbọ́n iyára kọ́ ni èrè tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá torí iyára nìkan ṣe é, iná, dátà àti àkókò rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Bó bá sì fi àmì -march=native síbi tí kò yẹ, ó lè ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ tí àwọn olùkọ́ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó yẹ ni í yẹni. Okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, nítorí àwọn òǹkàwé wa tó wà ní ẹ̀ka mìíràn. Purósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Kò gbọ́ C, kò gbọ́ C++. Àwọn àṣẹ kéékèèké tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ nìkan ló yé e. Kọ̀ǹpáílà ni ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ ohun tí a kọ sí àwọn àṣẹ wọ̀nyẹn. GCC, tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1987, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò lórí Linux. Àwọn mìíràn ń lo Clang, tó jẹ́ ara LLVM, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois lọ́dún 2000. GCC ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níbí.

Kì í ṣe iye àṣẹ kan náà ni gbogbo purósẹ́sọ̀ mọ̀. Lọ́dún 2003 ni AMD gbé purósẹ́sọ̀ x86 àkọ́kọ́ tó jẹ́ oníbíìtì 64 jáde, gbogbo àwọn tó sì tẹ̀lé e nínú ìdílé náà ṣì gbọ́ àwọn àṣẹ ìpìlẹ̀ tí èyí àkọ́kọ́ gbọ́. Lọ́dún 2011, Intel fi AVX kún un, èyí tó lè fi àṣẹ kan ṣoṣo ṣe ìṣirò lórí nọ́ńbà mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ oníbíìtì 32. Lọ́dún 2013, Intel tún kó AVX2 àti FMA dé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe Debian àti Ubuntu kò mọ irú ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, àwọn àṣẹ ìpìlẹ̀ ọdún 2003 ni wọ́n ti ń fi túmọ̀ ọ̀pọ̀ jù nínú purogíráàmù wọn láti ọjọ́ yìí wá, kó lè ṣiṣẹ́ níbi gbogbo.

Ó dà bí yúnífọ́ọ̀mù tí iléèwé rán lọ́pọ̀: gbogbo ọmọ ló lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló bá mu gẹ́lẹ́. Ẹni tó kọ -march=native, ńṣe ló pe télọ̀ kó wá wọn òun. Kọ̀ǹpáílà á bi purósẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ léèrè pé irú àwọn àṣẹ wo lo mọ̀, á sì gbà pé òun lè lo gbogbo wọn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Títí dé ibí yìí, àwọn tó ń pariwo jàre. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú ni pé aṣọ méjì ló wà nílẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní ọ̀kan.

Aṣọ kìíní ni èyí tí télọ̀ fúnra rẹ̀ wọ̀. Kọ̀ǹpáílà náà, purogíráàmù ni. Kọ̀ǹpáílà kan ló túmọ̀ òun náà. Bí a bá fi -march=native túmọ̀ GCC, GCC gan-an la wọn aṣọ fún. Aṣọ kejì ni èyí tí télọ̀ ń rán fún oníbàárà, ìyẹn purogíráàmù tiyín tí ẹ fẹ́ kí GCC túmọ̀. Bí télọ̀ bá wọ ṣòkòtò tó bá a lára mu, bóyá á lè jókòó dáadáa nídìí máṣíìnì, kó sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yára parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bùbá tó ń rán fún yín kò ní torí ìyẹn dára sí i.

Ẹ má rò pé àròsọ lásán ni. GCC fúnra rẹ̀ ló ń fi èyí hàn nígbà tí a bá ń kọ́ ọ. Ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ náà. Ní ìpele kìíní, kọ̀ǹpáílà tó ti wà lórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ á túmọ̀ kóòdù GCC tuntun. Ní ìpele kejì, GCC tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí á túmọ̀ kóòdù ara rẹ̀. Ní ìpele kẹta, GCC tó jáde ní ìpele kejì á tún túmọ̀ kóòdù kan náà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni make á wá gbé àwọn fáìlì ìpele kejì àti ti ìpele kẹta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á sì yẹ̀ wọ́n wò. Bí wọ́n bá yàtọ̀, á kọ ọ́ síta pé "Bootstrap comparison failure!", iṣẹ́ á sì dúró níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ògbufọ̀ tó mú àwọn fáìlì ìpele kejì jáde, kọ̀ǹpáílà àtijọ́ ló túmọ̀ òun. Ògbufọ̀ tó mú ti ìpele kẹta jáde, GCC tuntun ló túmọ̀ òun. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà wáyé yàtọ̀, síbẹ̀ ohun tí wọ́n gbé jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìyẹn ni pé bí a ṣe túmọ̀ kọ̀ǹpáílà kò gbọ́dọ̀ yí ohun tí òun náà ń túmọ̀ padà. Bó bá yí i padà, àṣìṣe wà níbì kan. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé purogíráàmù òun ń sáré nítorí pé òun fi -march=native kọ́ GCC òun, ẹ rọra bi í pé aṣọ ta ló wọ̀n.

Àyọsílẹ̀ méjì péré la mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé GCC máa ń kó àwọn library kan dání, bíi libgcc àti libstdc++, tí àwọn purogíráàmù wa máa ń lò. Bí a bá fi àmì náà túmọ̀ àwọn yẹn, ipa rẹ̀ lè dé inú iṣẹ́ wa. Èkejì ni --with-arch, tí a máa ń kọ nígbà tí a bá ń ṣe configure. Ó ń sọ fún télọ̀ pé láti òní lọ, ìwọ̀n kan pàtó ni kó máa fi rán gbogbo aṣọ, àyàfi bí oníbàárà bá sọ nǹkan mìíràn.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fẹ́ kí iṣẹ́ wọn yára, ohun tí --with-arch ń ṣe gan-an ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti torí ìyẹn kọ́ kọ̀ǹpáílà tuntun. GCC tó bá Ubuntu wá gbọ́ -march=native dáadáa; láti ẹ̀dà 4.2 tó jáde lọ́dún 2007 ni GCC ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ́ mọ́ àṣẹ tí ẹ fi ń túmọ̀ purogíráàmù yín, ó parí. Ẹ kò ní tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹ̀.

Ó kù ká béèrè bóyá GCC tó wọ aṣọ ìwọ̀n ara rẹ̀ tilẹ̀ máa ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá wà, ó kéré. Àwọn àṣẹ bíi AVX wúlò fún ẹni tó ní nọ́ńbà rẹpẹtẹ tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tó sì fẹ́ ṣe ohun kan náà sí gbogbo wọn: àwòrán, ohùn, mátíríìsì. Iṣẹ́ kọ̀ǹpáílà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ka ọ̀rọ̀, ó ń wá orúkọ nínú àkójọ, ó ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn nínú mẹ́mọ́rì, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà pé ṣé báyìí ni àbí báyẹn. Kò sí ìlà nọ́ńbà gígùn tí AVX máa rí gbá mú níbẹ̀.

Àwọn tó ń kọ GCC mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kí kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ yára fi yàtọ̀. Wọ́n ní kó kọ make profiledbootstrap dípò make lásán. Bó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi GCC ṣiṣẹ́, wọ́n á máa ṣàkọsílẹ̀ àwọn ojú ọ̀nà tó ń rìn jù nínú kóòdù ara rẹ̀, wọ́n á sì wá fi àkọsílẹ̀ yẹn tún un túmọ̀ kí àwọn ojú ọ̀nà náà lè já geere. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹni tó kàn kọ -march=native sí gbogbo nǹkan, gbogbo ara irin ló ń lù.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kọ àmì yìí sínú CFLAGS kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n BOOT_CFLAGS ló ń darí ìpele kejì àti ìkẹta, ohun tó sì máa ń wà nínú rẹ̀ bí a kò bá fọwọ́ kàn án ni -g -O2. GCC tó jáde ní ìpele kẹta la sì ń gbé sínú ẹ̀rọ níkẹyìn. Ẹni tó kọ ọ́ sí CFLAGS nìkan, kọ̀ǹpáílà tó ń yìn pé ó ń sáré yẹn kò gba àmì kankan sára. Ìwé ìtọ́sọ́nà GCC pàápàá sọ pé àwọn àmì mìíràn yàtọ̀ sí -g -O2 kò tíì rí ìdánwò tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba wákàtí 4 lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín. Ká tún ní GCC tuntun náà fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún yára ju ti tẹ́lẹ̀. Kí wákàtí 4 tí ẹ ná tó padà wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ lo 200 wákàtí lórí títúmọ̀ kóòdù. Bí iṣẹ́ yín bá ń gba 30 ìṣẹ́jú àáyá lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa ní láti túmọ̀ rẹ̀ ní ìgbà 24,000. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa túmọ̀ projẹ́ẹ̀tì ọdún ìkẹyìn nígbà 24,000? A ò sì tíì ka owó epo mọ́ ọn o.

Òfò àkókò ṣì kéré. Ohun tó ń dun ni jù ni aṣọ tó fàya lára ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fi -march=native túmọ̀ purogíráàmù yín, tí ẹ sì gbé e lọ sórí ẹ̀rọ tí kò mọ àwọn àṣẹ yẹn, á kọ "Illegal instruction", á sì kú. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kì í fi gbogbo ìgbà kú níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá dé orí àṣẹ tí purósẹ́sọ̀ kò gbọ́ ló ń kú. Ó lè ṣí fèrèsé, kó kí olùkọ́ káàbọ̀, kó ka fáìlì tán, kó tó wá ṣubú níbi ìṣirò gan-an.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa gan-an ju ẹni tó ra ẹ̀rọ tuntun nínú páálí lọ, nítorí tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, kò sì sí bí a ṣe lè fi ojú lásán mọ ohun tó wà nínú wọn. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn 2013 ló ní AVX2, á tètè kábàámọ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Intel ṣì ń ta Pentium àti Celeron tí kò ní AVX rárá, nígbà tí Core i3 àti i5 ìgbà kan náà ní in. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìgbà ni tuntun máa ń mọ̀ ju àtijọ́ lọ. Àwọn Core ìran kọkànlá tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká ní AVX-512. Nígbà tí ìran kejìlá dé lọ́dún 2021, Intel pa á. Purogíráàmù tí wọ́n fi -march=native túmọ̀ lórí ìran kọkànlá lè kú lórí ìran kejìlá tó jẹ́ àbúrò rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó: ẹ kọ lscpu, kí ẹ ka ohun tó wà níwájú "Flags", lórí ẹ̀rọ yín àti lórí ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi yẹ iṣẹ́ yín wò.

Ìdáhùn ìṣirò pàápàá lè yàtọ̀. FMA tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan máa ń ṣe ìsọdipúpọ̀ àti àròpọ̀ papọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń gé dẹ́símà kù dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Bí GCC bá rí i pé purósẹ́sọ̀ ní in, òun fúnra rẹ̀ á máa lò ó láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn pátápátá lè tipa bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ tí kò ní FMA. Fún ẹni tó ń ya àwòrán, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìṣirò tó ń gbé ìdáhùn kan lé òmíràn ní mílíọ̀nù ìgbà lè rí i pé tábìlì tó wà nínú ìwé rẹ̀ àti èyí tí olùkọ́ rí lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ kò jọra mọ́. Ta ló máa gbà á gbọ́ pé kò parọ́ nọ́ńbà?

A mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ. Wọ́n á ní ẹ̀rọ àtijọ́ ni tàwọn, pé ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti rẹ̀ ni gbogbo iyára, bó ti wù kó kéré mọ, ṣe pàtàkì fún. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, a ò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé agbára kò pọ̀ ló ṣe yẹ ká mọ ibi tí a máa ná an sí.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí purogíráàmù yín ti ń pẹ́ jù. Bó bá jẹ́ ìṣirò mátíríìsì ni, ẹ lo OpenBLAS. Èyí tó wà nínú Debian àti Ubuntu máa ń wo purósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, á sì mú ọ̀nà tó bá a mu. Glibc náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún memcpy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé yúnífọ́ọ̀mù tí ẹ ń bú yẹn, wọ́n ti fi rọ́bà sí i níbàdí. Bó bá jẹ́ kóòdù tiyín ló ń pẹ́, ẹ wo àmì -O tí ẹ ń lò. Ubuntu 22.04, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń lò, GCC 11 ló bá a wá, -O2 inú GCC 11 kì í sì fúnra rẹ̀ kó nọ́ńbà jọ fún AVX. -O3 ló ń ṣe é. GCC 12 tó jáde lọ́dún 2022 ni -O2 ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi -O2 -march=native yangàn lórí Ubuntu 22.04, ó ra ẹṣin, kò ra gàárì.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí fáìlì kan ṣoṣo yára lórí ẹ̀rọ tuntun, kó má sì kú lórí àtijọ́, GCC ti ní target_clones láti ẹ̀dà 6 tó jáde lọ́dún 2016. Ẹ óò kọ ọ́ sórí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń pẹ́ yẹn. GCC á túmọ̀ rẹ̀ ní oríṣi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ á sì yan èyí tó gbọ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ní Gentoo ni àpẹẹrẹ ẹni tó ń túmọ̀ gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀, ó yẹ ká rántí pé ní Oṣù Kejìlá ọdún 2023, Gentoo kéde pé ẹni tó bá fẹ́ lè máa gba púpọ̀ nínú purogíráàmù ní títúmọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn kò pa ọ̀nà àtijọ́ rẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kí oníkálùkù yan ibi tó tọ́ sí làálàá.

Kí wá nìdí tí a fi ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ kọ̀ǹpáílà lẹ́ẹ̀kan? Ìdí mẹ́ta la ní.

Ìkíní, ó ń ṣí ojú. Ẹni tó bá ti rí i tí GCC túmọ̀ ara rẹ̀, tó sì rí i tí wọ́n fi ìpele kejì wé ìkẹta, kò tún ní rò mọ́ pé idán ni kọ̀ǹpáílà. Ìkejì ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Nígbà tí Ken Thompson ń gba ẹ̀bùn Turing, ó ṣàlàyé nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1984 bí èèyàn ṣe lè fi iṣẹ́ ibi pa mọ́ sínú kọ̀ǹpáílà, tí kò fi ní sí nínú kóòdù tí ẹnikẹ́ni lè kà, tí kọ̀ǹpáílà náà á sì máa gbé e fún ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá túmọ̀ ara rẹ̀. Kíkọ́ GCC lẹ́ẹ̀kan kò yanjú ìṣòro yẹn, nítorí ọwọ́ kọ̀ǹpáílà ẹlòmíràn la ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì kọ́ ọ rí kò lè mọ̀ pé ìbéèrè náà wà, ká tó wá sọ pé yóò dáhùn rẹ̀.

Ìkẹta ló kan wa jù. Lọ́dún 2020, wọ́n pín àwọn purósẹ́sọ̀ x86 oníbíìtì 64 sí ìpele mẹ́rin, láti èyí tó jẹ́ ìpìlẹ̀ títí dé x86-64-v4. Red Hat gbé RHEL 9 jáde lọ́dún 2022 fún v2 sókè. Ó gbé RHEL 10 jáde lọ́dún 2025 fún v3 sókè, ìyẹn àwọn tó ní AVX2. Gbogbo Pentium àti Celeron tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ti bọ́ síta nínú ìyẹn. Bí àwọn mìíràn bá tẹ̀lé ọ̀nà yìí, ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa á di èyí tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ nǹkan fún mọ́, nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó mọ bí a ṣe ń túmọ̀ nǹkan fún purósẹ́sọ̀ kan pàtó ló máa gba ẹ̀rọ rẹ̀ là. Nígbà náà, iyára kọ́ ni -march máa wúlò fún; òun ló máa jẹ́ kí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì rí aṣọ wọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ṣe é wẹ́rẹ́. Ẹ gba kóòdù náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pín in láàárín ara yín. Ẹ fi gígábáìtì púpọ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìkọ́lé. Ẹ jẹ́ kí contrib/download_prerequisites bá yín wá GMP, MPFR àti MPC. Ẹ ṣí fódà mìíràn fún iṣẹ́ náà, ẹ má ṣe é nínú fódà kóòdù. Ẹ kọ --enable-languages=c,c++ àti --disable-multilib kó má baà kọ́ ohun tí ẹ kò nílò. Ẹ fi --prefix gbé e sínú fódà tiyín, kó má lọ jókòó lórí kọ̀ǹpáílà tí gbogbo ẹ̀rọ ń lò. Kí ẹ sì fi àwọn àmì rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè rí ẹ̀rọ kan lò nínú yàrá kọ̀ǹpútà iléèwé tiẹ̀ lè kọ́ ọ pa pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára náà rí i kọ́.

Ní tiwa, a rọ̀ yín pé kí ẹ jáwọ́ nínú fífi àmì yìí wọn ọgbọ́n ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó kọ -march=native síbikíbi, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ bi ara yín. Aṣọ ta ni mò ń wọ̀n, ti télọ̀ ni àbí ti oníbàárà? Ẹ̀rọ ta ló máa wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tèmi? Ṣé mo ti fi time wo iye ìṣẹ́jú tó ń gbà kí n tó ṣe é àti lẹ́yìn tí mo ṣe é? Ẹni tó bá ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó máa kọ ọ́ lọ, a ó bá a yọ̀. Ẹni tí kò bá ní, kọ̀ǹpáílà tó bá Ubuntu rẹ̀ wá kò ṣe é ní nǹkan kan. Kó jókòó kọ kóòdù rẹ̀.